Àwo Orin Tí Ayé Yìn, Tí Ará Ilé Ń Jiyàn Lé Lórí

Bí ọjọ́ Àìkú bá ti ń rọlẹ̀ ní Sabon Gari ní ìlú Kano, tí àwọn tí ó lọ sí ìsìn ti jẹun tán tí wọ́n sì ti sinmi díẹ̀, agbára káká ni ènìyàn fi lè rí òpópó tí orin kì í ti í dún. Ní ẹ̀gbẹ́ Yoruba Road àti ní àyíká rẹ̀, orin títà ti jẹ́ òwò láti ìgbà tí orin ṣì wà nínú àwo dúdú. Lẹ́yìn náà ni ó di kásẹ́ẹ̀tì, ó tún di sídíì, ó sì ti wá di ohun tí ọmọdékùnrin kan ń fi kọ̀ǹpútà dà sínú fóònù oníbàárà kí ènìyàn tó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ọjà náà ti yí padà nígbà mélòó kan, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tí ó máa ń wáyé ní iwájú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yí padà.

Irú rẹ̀ kan nìyí. Bàbá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ti ń ta sípéà páàtì ní Kano fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, ní kí wọ́n fi orin Sunny Adé sí i kí òun gbọ́. Ọmọ tí ó ń ta orin fi Juju Music sí i, àwo tí King Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1982. Orin àkọ́kọ́ kò tíì dé ìdajì tí bàbá fi na ọwọ́ sókè.

"Yọ ọ́. Orin tí wọ́n gé nírù ni èyí. Àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wí, ọmọ tí wọ́n bí sí Sabon Gari, tí ó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. "Àwo Yorùbá wo ni ayé yìn tó èyí? Ẹ bi wọ́n léèrè ní Amẹ́ríkà."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé Amẹ́ríkà ni yóò wá túmọ̀ ohun tí gángan ń wí fún mi?"

Kò pẹ́ tí àwọn tí ó dúró níbẹ̀ fi pín sí ọ̀nà méjì. Ẹni tí ó wá ra orin kò rántí orin mọ́, ẹni tí ó ń kọjá lọ dúró, ọ̀rọ̀ sì di ti pé ta ni ó gbọ́n jù, ta ni ó lajú jù, ta ni kò mọ nǹkan kan.

Àwọn onílàjà a máa wí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ pé kò sí ohun tí ó fa ìjà náà ju pé ohun tí ó wu ẹnìkan kò wu ẹlòmíràn. Wọn a sì máa fi àwo Ebenezer Obey ti ọdún 1973 ṣe ẹ̀rí, èyí tí wọ́n pè ní The Horse, the Man and His Son, níbi tí ó ti sọ ìtàn bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹran tí wọ́n ní fún gígùn. Bí bàbá gùn ún, ayé sọ̀rọ̀. Bí ọmọ gùn ún, ayé sọ̀rọ̀. Bí wọ́n jọ gùn ún, tàbí tí ẹnikẹ́ni kò gùn ún, ayé kò dákẹ́. Ìtàn náà dùn púpọ̀, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ yìí. Àwọn tí ó ń bú bàbá àti ọmọ nínú ìtàn náà kò ní iṣẹ́ kankan tí wọ́n fẹ́ kí ẹran náà ṣe fún wọn. Ẹnu lásán ni wọ́n ń yà. Ẹni tí ó ń gbọ́ orin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ kan pàtó tí ó fẹ́ kí orin náà bá òun ṣe, yálà ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀. Iṣẹ́ yìí ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí etí méjì fi ń gbọ́ àwo kan náà tí ọ̀kan ń yìn ín tí èkejì ń tutọ́ sílẹ̀.

Àwo tí ó dá ìjà sílẹ̀ yìí kò wá láti ojú ọ̀run. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1982, Sunny Adé kì í ṣe ọmọdé nínú orin jùjú mọ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ó ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, àwo tí ó ti gbé jáde nílé kò ṣe é kà tán ní ojú kan, ó sì ti ní ilé iṣẹ́ àwo tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Island ti Chris Blackwell ni ó wá bá a ṣe àdéhùn, àwọn kan náà tí wọ́n gbé orin Bob Marley ti Jàmáíkà dé etí gbogbo ayé. Marley kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì gbà pé ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ ni Island ń wá. Ará Faransé kan tí ń jẹ́ Martin Meissonnier ni ó ṣe kòkárí iṣẹ́ náà, ní Lomé, olú-ìlú Tógò.

Bí wọ́n ti ṣe é ṣe pàtàkì púpọ̀. Nílé, ojú kan àwo jùjú a máa tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú láìdúró. Orin kan a wọ inú èkejì, ìlù a gba iwájú, gìtá a dáhùn, olórin a tún padà dé pẹ̀lú oríkì ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin tí ó wà lórí Juju Music ni àwọn ará ilé ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ lórí irú àwo gígùn bẹ́ẹ̀. Ní Lomé, wọ́n já wọn sí orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí èyíkéyìí nínú wọn kò sún mọ́ gígùn ojú àwo ti ilé. Wọ́n fi dùùrù oníná kún un. Wọ́n fi ọgbọ́n ẹ̀rọ mú kí ohùn ìlù àti ti gìtá máa dún padà bí ìgbà tí ènìyàn bá kígbe sínú ihò àpáta. Oríkì àwọn olówó àti ti àwọn ẹgbẹ́ ìlú kò sì jọba lórí rẹ̀ bí ó ti máa ń jọba lórí ti ilé.

Àwọn aṣelámèyítọ́ òkè òkun, èyíinì ni àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbọ́ orin kí wọ́n sì kọ èrò wọn sínú ìwé ìròyìn, gba àwo náà tayọ̀tayọ̀. Robert Palmer ti ìwé ìròyìn New York Times wà lára àwọn tí ó gbóríyìn fún Sunny Adé jù lọ. Ní ọdún 1983 ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rin ìrìn àjò orin káàkiri Amẹ́ríkà, ọdún náà ni àwo kejì, Synchro System, jáde, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tí wọ́n ń dù fún ẹ̀bùn Grammy.

Kí ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí gbọ́? Wọn kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí gángan bá ń kí àgbà, wọn kò mọ̀ pé ìkíni ni. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ gìtá púpọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré tirẹ̀, tí kò sí èyí tí ó fẹ́ ṣe ọ̀gá lórí èkejì. Wọ́n gbọ́ gìtá Hawaii tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń fà gùn bí ẹni fa ọbẹ̀ ilá. Wọ́n gbọ́ ìlù tí ó ń rìn káàkiri láàárín wọn, àti olórin tí kò pariwo. Nínú orin ti ìlú wọn nígbà náà, ẹnìkan ni ó sábà máa ń dúró níwájú tí àwọn yòókù á máa gbè é lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ orin tí gbogbo wọn jọ ń sọ̀rọ̀ láìjà jẹ́ ohun ìyanu fún wọn. Ebi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń pa wọ́n, ikú Marley sì ti fi àyè kan sílẹ̀ tí ó ṣófo. Ẹni tí ó jẹ ọbẹ̀ láì mọ orúkọ ewé tí wọ́n fi sè é, adùn tí ó tọ́ wò kì í ṣe irọ́. Nítorí náà, àwọn tí ń wí ní Sabon Gari pé owó ni wọ́n fún àwọn òyìnbó kí wọ́n tó yin àwo náà, wọn kò sọ òtítọ́. Àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí gbọ́ ohun tí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Kìkì pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n gbọ́.

Iṣẹ́ tí ará ilé fẹ́ kí àwo jùjú ṣe yàtọ̀ pátápátá. Àwo jùjú jẹ́ ọmọ àríyá. Ibi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ìwúyè ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ni ó sì ń padà sí. Ẹni tí ó fẹ́ jó kò fẹ́ kí orin dá òun dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún; ara ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ tíì gbóná nígbà náà. Ẹni tí ó fẹ́ ná owó fún olórin ń dúró de orúkọ tirẹ̀ tàbí ti baba rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú tí òyìnbó rò pé ó ti gùn jù, ìwọ̀n àsìkò tí ènìyàn fi ń dìde lórí àga, tí ó fi ń tún gbáriyẹ̀ ṣe, tí ó fi ń jó dé iwájú olórin, tí ó sì fi ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí ni. Bí wọ́n bá gé e kúrú, ijó ni wọ́n gé kúrú.

Ti ọ̀rọ̀ inú ìlù tún wà níbẹ̀. Gángan kì í sọ fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì. Ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Nítorí náà ẹyọ gbólóhùn ìlù kan lè bá òwe méjì mẹ́ta mu, olùgbọ́ ni yóò sì fi ọgbọ́n inú rẹ̀ yan èyí tí ó yẹ ibi tí ó wà. Ẹni tí ó mọ òwe púpọ̀ gbọ́ púpọ̀, ẹni tí ó mọ díẹ̀ gbọ́ díẹ̀, ẹni tí kò sì mọ ọ̀kankan gbọ́ pàkàpàkà tí ó dùn. Nígbà tí bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wí pé wọ́n ti gé orin náà nírù, ohun tí ó ń sọ kò jìnnà: ìlù bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì ń dún bo ìdí ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lójú.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ará ilé ní etí kan ṣoṣo. Ní àwọn ọdún 1970, ìjà tí ó wà láàárín àwọn olólùfẹ́ Obey àti àwọn olólùfẹ́ Sunny Adé le ju èyí tí ó wà láàárín ilé àti òkè òkun lọ. Ọkọ àti aya pàápàá a máa yà sọ́tọ̀ lórí rẹ̀. Àwo àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá ti ọdún 1971, Oroki Social Club, tà lọ́pọ̀lọpọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ gbajúmọ̀ kan ní Òṣogbo ni ó ń yìn níbẹ̀. Ọmọ Òṣogbo tí ó bá gbọ́ ọ kò lè gbọ́ ohun kan náà tí ọmọ Abẹ́òkúta gbọ́, ẹni tí ó ti fi etí rẹ̀ fún Yusuf Ọlátúnjí onísákárà láti kékeré. Ọmọ Ìlọrin a sì máa bi àwọn méjèèjì léèrè pé ṣé wọ́n ti gbọ́ Ọ̀dọ̀láyé Àrẹ̀mú rí.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé Sabon Gari, ó ní ẹ̀ka mìíràn tí ẹni tí kò kúrò nílé rí kò lè mọ̀. Ẹ̀yìn odi ìlú Kano ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àdúgbò náà sí, lẹ́yìn tí ojú irin ti dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1911, fún àwọn àjèjì tí ó ń bá rélùwéè bọ̀: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ojú irin, oníṣòwò, télọ̀. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Hausa kò ju ìlú tuntun lọ. Ẹni tí ó ti Ọ̀ffà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ dé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó lè rí ilé, ẹlòmíràn kò sì rí i fún ọdún mẹ́ta. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwo tuntun tí ó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé lórí rélùwéè tàbí lórí lọ́rì kì í ṣe orin lásán. Lẹ́tà ni. Inú rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ẹni tí ó jẹ oyè, ẹni tí ó kú, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe fàájì, àti irú ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìgboro. Bí ó bá gbọ́ orúkọ ọmọ ìlú rẹ̀ láti ẹnu olórin, orí rẹ̀ a wú, a pe àwọn ará ilé tí wọ́n jọ ń gbé pé kí wọ́n wá gbọ́. Ẹ fi ojú inú wo irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fún ní Juju Music ní ọdún 1982. Àwo náà mọ́, ó ń dán, àwòrán iwájú rẹ̀ lẹ́wà, ohùn rẹ̀ já gaara. Ó ṣí i, kò sí ìròyìn ilé tó nínú rẹ̀. Àpò ìwé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, lẹ́tà kò sí nínú rẹ̀. Ta ni yóò dá a lẹ́bi bí ó bá kọ̀ ọ́?

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí ó jẹ́ Hausa lè ràn án lọ́wọ́ láti ṣe àlàyé ara rẹ̀ dáradára ju bí ó ti máa ń ṣe lọ. Kàlàǹgú tí àwọn Hausa ń lù bá gángan tan. Ọmọ ìyá ni wọ́n, bí ènìyàn bá fi ojú wò wọ́n pàápàá yóò mọ̀. Mamman Shata, tí ó kú ní ọdún 1999, ni àgbà olórin tí kàlàǹgú bá rìn jù lọ ní ilẹ̀ Hausa. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní Kano gbọ́ Hausa bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ pé ìdajì adùn Shata wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, nínú ẹ̀fẹ̀, nínú bí ó ti ń gbé ènìyàn ga àti bí ó ti ń rọra ta ènìyàn ní ẹ̀gún. Bí ará Lọ́ńdọ̀nù kan bá wá tí ó ní òun fẹ́ràn Shata nítorí kàlàǹgú nìkan, wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì wí pé, "Ó kù fún ọ." Wọn kò ní bá a jà. Wọn kò sì ní sọ pé kàlàǹgú kò dùn. Irú sùúrù yìí ni ó ṣòro fún wọn láti ní bí ó bá kan orin tiwọn.

Nítorí pé bàbá náà kò jàre tán. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé jùjú ti wà bí ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà Odùduwà. Nígbà tí Túndé King ń kọ jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, kò sí gángan nínú rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan wọlé, gìtá oníná náà sì tẹ̀lé e. I.K. Dairo, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní ọdún 1963, ni ó gbé dùùrù àfàyà tí wọ́n ń pè ní akọ́díọ̀nù wọ inú rẹ̀. Gìtá Hawaii tí bàbá fẹ́ràn, kì í ṣe ilé Odùduwà ni wọ́n ti kó o wá. Bí gbogbo ẹni tí ó ti gbọ́ jùjú rí bá ti kọ ohun tuntun sílẹ̀, bàbá kì bá tí ní orin tí yóò máa gbèjà rẹ̀ lónìí. Ohun mìíràn tún wà tí kì í fẹ́ sọ jáde: àwo tí ó ń pè ní ojúlówó ni àwo tí ó ń dún ní ọjọ́ tí ó sọ àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ. Kò sí aṣelámèyítọ́ tí ó lè bá irú àwo bẹ́ẹ̀ figagbága, kò sì yẹ kí ó gbìyànjú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní àṣìṣe tirẹ̀, ó sì burú ju ti bàbá lọ díẹ̀. Ó ka ìyìn sí ìdájọ́. Bí ó ti rò ó, nígbà tí New York ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ti parí, ẹni tí kò bá gbà kò lajú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyìn náà yẹ kí ó mú kí ó rò ó wò. Àwo kẹta, Aura, jáde ní ọdún 1984, Stevie Wonder fúnra rẹ̀ sì fọn fèrè ẹnu sí i. Òwò náà kò rí bí Island ti rò, wọn kò sì bá Sunny Adé ṣe àwo mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń wá Marley kejì lọ wá a sí ibòmíràn. Sunny Adé padà sílé, ó ń gbé àwo gígùn jáde bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, àwọn tí ó ń bá a jà lórí Juju Music ni wọ́n sì ń rà wọ́n. Èyí kò sọ pé ìyìn òkè òkun jẹ́ òfo, nítorí pé àwo rẹ̀ Odù ti ọdún 1998 tún mú kí wọ́n yàn án fún Grammy lẹ́ẹ̀kejì. Ó kàn fi hàn pé ìyìn jẹ́ ìròyìn nípa ohun tí ẹni tí ó yìn ń wá ní ọjọ́ tí ó yìn.

Ìjà náà kò sì mọ ní ti àwọn àgbà. Ní ọdún 2020 ni Burna Boy gbé Twice as Tall jáde, àwo tí ó gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 2021. Ọdún 2020 kan náà ni Wizkid gbé Made in Lagos jáde, tí àwọn ìwé ìròyìn òkè òkun sì yìn ín dé ojú ọ̀run. Bí ènìyàn bá tẹ́tí sí àwọn ọ̀dọ́ ní iwájú ìsọ̀ kan náà, yóò gbọ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún tí ó ń búra pé Wizkid kò ṣe àwo mìíràn tí ó tó Superstar ti ọdún 2011, pé ti ìkẹyìn yìí tutù jù, pé òyìnbó ni ó ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ bàbá ni ó ń sọ láì mọ̀. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ènìyàn lára jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwo rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbèjà Juju Music, etí tí ó fi ń gbọ́ ọ ni etí Robert Palmer. Gìtá ni ó gbọ́, ìlù dùn mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ inú ìlù ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó gọ̀. Wọ́n bí i sí Sabon Gari, ó sọ Hausa ní ọjà, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́, Yorùbá tí ó sì gbọ́ nílé kò ju ti "wá jẹun" àti "ta ni ó fọ́ àwo yìí" lọ. Òwe tí gángan ń fi ohùn pè, kò sí ẹni tí ó pa á létí rẹ̀ rí kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìlù. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Àwo ilé àti àwo Lomé, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ létí rẹ̀, àyàfi pé ti Lomé mọ́ gaara ju ti ilé lọ. Ó yan èyí tí ó mọ́ gaara. Ẹni tí kò lè ka lẹ́tà, àpò ìwé ni yóò yìn.

Ẹni tí ó bínú sí i fún èyí ni ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ àgbà ní Sabon Gari ni ó lè lo wákàtí méjì láti fi bú àwo kan, tí kò sì tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá rí láti jókòó ti ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ orin kí ó sọ fún un pé ibí yìí ni ìlù ti pe baba ńlá rẹ, ibí yìí ni ó ti pa òwe fún ọ̀tá. Wọ́n ń dá owó jọ ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lóṣooṣù láti fi kọ́ gbọ̀ngàn sí ìlú wọn, èyí sì dára. Àwọn ọmọ tí yóò lo gbọ̀ngàn náà lọ́la wà ní Kano, etí wọn sì ń dí díẹ̀díẹ̀ sí ohun tí wọn yóò máa lù níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, ariwo rọlẹ̀ nígbà tí ó pẹ́, àwọn tí ó dúró sì ń tú ká. Ọmọ tí ó ń ta orin kò rántí láti yọ Juju Music kúrò, orin sì ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ibì kan wà tí gìtá dákẹ́ díẹ̀ tí ìlù dá sọ̀rọ̀.

"Bàbá," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, kò sì pariwo mọ́, "kí ni ó wí níbẹ̀ yẹn?"

Bàbá ya ẹnu láti dáhùn, ó tún pa á dé. Ó tẹ orí sí apá kan. Ó ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn, wọ́n dá a padà, ó gbọ́ ọ, ó mi orí.

"Òwe kan ni," ni ó wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ yín ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Tún un dá padà."

Ọmọ náà tún un dá padà.